Bí Ẹ̀fọ́ Ìdí-Ìyeyè Ṣe Bọ́ sí Ọwọ́ Láwóyin

"Ẹnu dùn ún ròfọ́." Gbogbo wa la ń pa á lówe. Ọmọdé tó bá ní òun á fo odò kọjá láìká ṣòkòtò sókè, wọ́n á ní ẹnu dùn ún ròfọ́. Àgbà tó ń ṣèlérí ilé tuntun nígbà tí ògiri èyí tó ń gbé ń wó, wọ́n á ní ẹnu dùn ún ròfọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká dúró wò ó ná. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń já ẹ̀fọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, ọwọ́ náà ló ń di ìgbakọ mú. Kí ni ẹnu wá débẹ̀ ṣe, bí kò ṣe pé kó tọ́ ọ wò? Kí ló sì dé tó fi jẹ́ ẹ̀fọ́, tí wọn ò sọ pé ẹnu dùn ún gúnyán, tàbí ẹnu dùn ún yan ẹran? Àwọn kan a máa fi "agada ọwọ́ dùn ún ṣánko" gbè é lẹ́sẹ̀. Ìyẹn ní ìdí tirẹ̀ lọ́tọ̀, n kò sì gbọ́ ọ débẹ̀. Ti ẹ̀fọ́ ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ilé wa, bí wọ́n sì ṣe sọ ọ́ nìyí.

Láyé àtijọ́, abúlé mẹ́rin kan wà tí wọ́n máa ń bá ara wọn ja ìjàkadì láti ìgbà tí wọ́n bá ti wa iṣu tán títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀. Ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, abúlé méjì á pàdé. Ọkùnrin mọ́kànlá níhìn-ín, mọ́kànlá lọ́hùn-ún, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀, wọ́n ti dá a nìyẹn. Abúlé tó bá dá ènìyàn jù ló borí lọ́jọ́ náà, èyí tó bá sì borí jù títí òjò fi dé, orúkọ rẹ̀ ni yóò wà lẹ́nu gbogbo ayé lọ́dún náà. Ẹ̀bùn mìíràn kò sí níbẹ̀, àmọ́ ìyẹn nìkan tó ohun tí ọkùnrin kò fi ní í sùn.

Àṣà kan wà tí kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì ìjà, abúlé tí wọ́n dá ni yóò se oúnjẹ fún àwọn tó borí, oúnjẹ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ iyán àti ẹ̀fọ́ ewúro. Ẹ̀fọ́ ẹ̀yìn-kanlẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní kí ẹni tó pàdánù fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ìkorò náà títí yóò fi dùn lẹ́nu àlejò. Ìyá ẹni tí wọ́n dá kẹ́yìn ló ń sè é. Bí àlejò bá jẹ ẹ́, ìjà tán, ìfẹ́ kù. Bí àlejò bá kọ̀ ọ́, abúlé tó sè é kò ní í wọ agbo mọ́ títí ọdún yóò fi yí.

Ìdí-Ìyeyè wà lára abúlé mẹ́rin yìí, ó sì ní ìwà kan tí àwọn yòókù kò ní. Wọn kì í ní sùúrù dúró de ilẹ̀. Bí ọmọ wọn bá ti gbé ẹlòmíràn sókè báyìí, orin ìṣẹ́gun ti bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò ti máa jó wọ inú agbo, wọn yóò ti máa kí ara wọn kú oríire, ẹni tí wọ́n gbé sókè yóò sì wà lókè níbẹ̀ tí yóò máa wò wọ́n.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, wọ́n pàdé àwọn ará Ẹ̀bádò. Wọ́n jà títí, ó di márùn-ún sí márùn-ún. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló kù. Oyèkàn ló kù fún Ìdí-Ìyeyè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ìbàntẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi jà kó tó kú ló sì wọ̀. Ìbàntẹ́ ẹni ìkẹyìn ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọ̀ ọ́ lábúlé náà. Fájìmí ló kù fún Ẹ̀bádò, ọkùnrin tí ọrùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èjìká.

Wọ́n ko ara wọn lójú. Wọ́n tì, wọ́n fà. Lójijì Oyèkàn tẹ̀ sílẹ̀, ó ki Fájìmí níbàdí, ẹsẹ̀ Fájìmí kúrò nílẹ̀. Láwóyin, tó wà níwájú àwọn awòran, kò jẹ́ kó balẹ̀ kó tó dá orin: "Ó ti dá a o!" Gbogbo Ìdí-Ìyeyè gbè é: "Ó ti dá a!" Wọ́n ya wọ agbo. Àwọn méjèèjì jọ ń lọ sílẹ̀ lọ́wọ́, òógùn wà lójú Oyèkàn, kò rí ilẹ̀. Orin ló gbọ́. Ó rò pé ó ti parí, ó tú ọwọ́. Fájìmí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ku ìka méjì kó kan ilẹ̀, yí bí ẹja inú apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí eruku máa fi rọlẹ̀, ẹ̀yìn Oyèkàn ló wà nílẹ̀.

Mẹ́fà sí márùn-ún. Orin gé lẹ́nu gbogbo wọn, àfi Láwóyin tó ṣì ń jó. Tẹ̀là ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fà á láṣọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo abúlé péjọ sábẹ́ igi ìyeyè. Ta ló kọrin ṣáájú ilẹ̀? Kò sẹ́ni tó béèrè. Àní nígbà tí wọ́n fi délé, kò sẹ́ni tó gbà mọ́ pé òun kọrin rárá. Kálukú ní ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun lòun gbọ́.

"Ìka méjì!" ni Láwóyin wí, ó na ìka náà sókè kí wọ́n lè rí i. "Ìka méjì péré ló kù!"

"Ìka kan àbọ̀ ni," Tẹ̀là dá a lóhùn. "Èmi dúró súnmọ́ ọn."

"Ẹsẹ̀ òsì ni ì bá fi kọ́ ọ. Ta ni kò mọ̀? Etí odò ni àwọn ará Ẹ̀bádò ń gbé, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ni ọmọ yìí lọ ń bá jà!"

"Háà! Ọ̀rọ̀ rèé."

"Ká ní èmi ni..." Láwóyin dìde. Ó ki afẹ́fẹ́ níbàdí, ó fi ẹsẹ̀ òsì kọ́ ọ, ó gbé e yípo, ó dá a mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò bá a ja ìjà kankan. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Alágbẹ̀dẹ arúgbó kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀yìn ti igi. Ó ní, "Láwóyin, ọdún wo lo jà gbẹ̀yìn?"

Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ẹ̀yìn Láwóyin kò kan ilẹ̀ rí. Wọ́n sì mọ ìdí rẹ̀: ogójì ọdún ló ti wà láyé, kò wọ agbo rí.

"Bàbá, ojú mi ló ń jà," ni Láwóyin wí. "Ẹni tó ń jà, àyà ẹnì kan ṣoṣo ló ń rí. Awòran ló ń rí gbogbo agbo."

"Ó dùn bí òótọ́," ni alágbẹ̀dẹ wí.

Kí ẹmu tó tán, wọ́n ti fẹnu kò. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn yóò lọ bá Baálẹ̀ kó gba ìbàntẹ́ lọ́wọ́ Oyèkàn. Wọ́n sọ ọ́ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi yẹ kí wọ́n tún ránṣẹ́ sí i. Oyèkàn wà nínú ilé ìyá rẹ̀, ó ká ìbàntẹ́ náà sórí itan.

"Wọ́n á gbà á, ìyá mi."

"Wọn ò tíì gbà á," ni Ẹfúntọ́lá ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé o gbọ́ orin?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Kí ló dé tó ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

"Ta ni kí n sọ ọ́ fún? Gbogbo wọn ló kọ ọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ẹfúntọ́lá ti já ewúro kún agbọ̀n, ó ń gbé e lọ síbi ààrò tó wà níwájú ilé Baálẹ̀, nítorí òun ni ẹ̀fọ́ náà kàn. Ó bá gbogbo wọn níbẹ̀. Láwóyin ló ń rojọ́. Ó ti sọ ti ẹsẹ̀ òsì tán, ó ti dá afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú Baálẹ̀. Bó ṣe rí agbọ̀n ewúro, ó rántí òmíràn.

"Ìyàwó, má bínú o," ni ó wí. Kí Ẹfúntọ́lá tó wọlé ọkọ ni wọ́n ti bí Láwóyin sínú agboolé náà, ìyàwó ló sì ń pè é títí dòní. "Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀fọ́ rẹ wà nínú ẹjọ́ yìí. Ẹ̀fọ́ tó ò ń fún ọmọ yìí jẹ, omi ló pọ̀ níbẹ̀. Òun ló wà ní orúnkún rẹ̀ lánàá."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹfúntọ́lá kúnlẹ̀, ó sọ agbọ̀n kalẹ̀.

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Báwo ló ṣe yẹ kí wọ́n rò ó?"

Láwóyin gbọ́ ìbéèrè bí ẹni tí wọ́n sọ pé kó wá gba oyè. Ó ní wọn yóò kọ́kọ́ fi iyọ̀ bọ ewúro náà, wọn yóò fún un títí yóò fi dákẹ́. Ó ní wọn yóò jẹ́ kí epo gbóná, kì í ṣe kó jóná, kí ata wọ̀ ọ́, kí ó máa sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní wọn yóò wá gé ẹ̀gúsí sí i ní ṣíṣù-ṣíṣù, wọn kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí yóò fi le. Ẹja gbígbẹ, ẹran ìgbẹ́, irú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ó fi ọwọ́ hàn wọ́n bí epo yóò ṣe yọ sókè yí etí ìkòkò ká. Tẹ̀là lá ètè. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé itọ́ mì.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa," ni Ẹfúntọ́lá wí. "Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Láti ilé bàbá mi ni mo ti ń dáná, n kò se irú èyí rí. Kò yẹ kí àlejò wá máa jẹ tèmi nígbà tí irú rẹ̀ wà lábúlé. Mo ti fà á lé ọkọ mi lọ́wọ́. Agbọ̀n rèé."

Ẹ̀rín kú. Gbogbo ojú yí sí Láwóyin.

"Láwóyin," ni Baálẹ̀ wí, "ṣé o lè ṣe é?"

Ẹnu tó ti sọ gbogbo ìyẹn láti àná, níbo ló ti máa rí "rárá" sọ? Láwóyin ní, "Ẹ̀fọ́ lásán, Baálẹ̀?"

"Ó dára. Bí àwọn ará Ẹ̀bádò bá jẹ ẹ́ tí wọ́n yìn ọ́, ìbàntẹ́ di tìrẹ. Fún ẹni tó bá wù ọ́, tàbí kó o wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, gbogbo wa jókòó sílé lọ́dún yìí nìyẹn."

Ìbàntẹ́ ni Láwóyin gbọ́. Ìyókù kọjá létí rẹ̀.

Wọ́n gbé apótí fún un nídìí ààrò, ó jókòó, àwọn awòran yí i ká bí agbo ìjà. Tẹ̀là ló gbé omi tí wọ́n máa fi fọ ewúro kalẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀melòó la ó fọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan tó. Ìkorò díẹ̀ ni ọkùnrin inú ẹ̀fọ́."

"Ọ̀rọ̀ àgbà!" ni àwọn awòran wí.

Àwọn obìnrin ń gúnyán lápá kejì. Ọ̀kan nínú wọn kò lè mú un mọ́ra, ó sọ ọmọ odó kalẹ̀ láti lọ gba ewúro náà. Ẹfúntọ́lá dì í láṣọ mú. "Jókòó, arábìnrin mi. Awòran ni wá lónìí."

Epo gbóná. Láwóyin da ata sí i, ó tú ewúro lé e, ó rò ó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ náà sú u, nítorí ìgbakọ kì í pàtẹ́wọ́ fún ènìyàn. Ẹnì kan wá béèrè láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni ẹsẹ̀ òsì yẹn tún ṣe rí?" Ohun tó ń dúró dè nìyẹn. Ó fi ìgbakọ sílẹ̀, ó fa Tẹ̀là dìde.

"Tẹ̀là, ìwọ ni Fájìmí. Dúró bí òpònú. Mo ki ọ́ báyìí, mo fi ẹsẹ̀ òsì kọ́ ọ báyìí..."

Tẹ̀là kò jà rí láyé rẹ̀. Ẹ̀rù ló bà á pé kí òun má ṣubú sínú iná, ó sì di Láwóyin lọ́rùn mú. Àwọn méjèèjì lọ sílẹ̀ gbì. Ẹ̀yìn Láwóyin ló kan ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, lójú gbogbo awòran.

Kò sẹ́ni tó kọrin.

"Ẹsẹ̀ mi yọ̀ ni," ni Láwóyin wí láti ilẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí òórùn fi kàn wọ́n. Ìsàlẹ̀ ìkòkò ti jó. Ó dìde, ó bu omi kèrègbè kan dà sí i. Omi pọ̀ jù, ó da iyọ̀ sí i. Kò rántí bóyá òun ti fi iyọ̀ sí i tẹ́lẹ̀, ó tún dà á sí i. Ó gé ẹ̀gúsí sí i, àmọ́ ẹ̀gúsí tó yẹ kó ṣù túká bí ọjà tí òjò dé bá. Kó tó tún un ṣe, wọ́n ti ń gbọ́ ohùn àwọn ará Ẹ̀bádò lójú ọ̀nà.

Àwọn àlejò jókòó. Wọ́n gbé iyán síwájú wọn, ó funfun, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n gbé ẹ̀fọ́ tẹ̀ lé e. Àgbà tó ṣáájú wọn bu òkèlè kan, ó fi kan ẹ̀fọ́, ó fi sẹ́nu. Nígbà tó yá ó gbé e mì. Ó bu òkèlè kejì, ó wò ó, ó gbé e lé etí àwo.

"Ta ló ro ẹ̀fọ́ yìí?"



"Bàbá, èmi ni," ni Láwóyin wí. "Díẹ̀ ló kù, bàbá. Igi ni kò gbẹ. Atẹ́gùn sì ti apá òsì wá. Ká ní Tẹ̀là dúró bí mo ṣe ní kó dúró ni, epo ì bá ti yọ sókè báyìí, yóò yí etí ìkòkò ká, ẹ̀gúsí yóò ṣù, irú rẹ̀..." Ó tún rò ó látòkè délẹ̀, ó rò ó dùn ju ti àárọ̀ lọ.

Àgbà náà gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí tó ò ń sọ yìí dùn. Níbo ló wà, ká lọ jẹ ẹ́?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ mú ọ̀pá rẹ̀. Àwọn ará Ẹ̀bádò yòókù ń kó aṣọ wọn mọ́ra láti dìde. Baálẹ̀ wolẹ̀. Gbogbo ìjà ọdún náà fẹ́ parí sínú àwo ẹ̀fọ́ kan.

Ìgbà náà ni Oyèkàn jáde láti ẹ̀yìn èrò. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àgbà náà, ó jókòó ti àwo, ó bu òkèlè ńlá, ó tì í bọ inú ẹ̀fọ́ títí dé ọrùn ọwọ́, ó gbé e mì. Ó tún bu òmíràn.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi. Ó korò. Àmọ́ mo jẹ èyí tó korò jù ú lọ lánàá, mi ò sì kú."

Fájìmí bú sẹ́rìn-ín. Ó ti dìde, ó tún jókòó, ó kọjú sí Oyèkàn, ó na ọwọ́ sí àwo kan náà. Ó jẹ òkèlè mẹ́ta, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́," ni ó wí, "nítorí ẹ̀fọ́ yìí lè má jẹ́ kí n tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ọkùnrin yìí dá mi lánàá. Mo ti ń ro ibi tí màá fi ẹ̀yìn mi lé nílẹ̀. Orin yín ló gbà mí. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dá a."

Kò sẹ́ni tó na ìka. Gbogbo wọn kàn yíjú sí Láwóyin. Láwóyin yíjú sínú ìkòkò.

Àgbà Ẹ̀bádò mi orí, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹni tí wọ́n dá ń jẹ, ẹni tó dá a ń jẹ. Ta ni èmi tí n ó kọ̀?" Ó gbé òkèlè etí àwo sẹ́nu. Gbogbo wọn jẹ ẹ́. Odidi ìkòkò omi mẹ́ta ni wọ́n mu lé e kí wọ́n tó lọ.

Nígbà tí ẹ̀yìn wọn kọjá, Baálẹ̀ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Wọ́n jẹ ẹ́, nítorí náà a ó jà. Wọn ò yìn ín, nítorí náà ìbàntẹ́ wà níbi tó wà. Oyèkàn, múra de ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀."

Nírọ̀lẹ́, wọ́n tún péjọ sábẹ́ igi ìyeyè. Ó hàn gbangba pé gbogbo wọn ló ti mọ̀ láti àná pé Oyèkàn dá Fájìmí. Ó ya wọ́n lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni lè sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe parí ìyẹn, wọ́n bọ́ sórí ẹ̀fọ́.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ì bá fọ̀ ọ́."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin! Ewúro ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn."

"Mo sọ fún Tẹ̀là pé iná pọ̀," ni Láwóyin wí.

"Ìgbà wo? Ṣé nígbà tí o wà lábẹ́ mi ni?" Tẹ̀là dìde, ó di afẹ́fẹ́ mú bí ìgbakọ. "Ẹ gbọ́, ká ní èmi ni, mi ò ní í da omi sí i. N ó gbé e kúrò lórí iná, n ó rọra ha òkè rẹ̀ sínú ìkòkò mìíràn, n ó wá gbé epo tuntun kaná..."

"Háà! Ọ̀rọ̀ rèé!"

Ẹfúntọ́lá ń bọ̀ lọ́nà odò, ó ru ìkòkò tó jó náà lórí. Wọ́n pè é: "Ìyá Oyèkàn, wá gbọ́ bí Tẹ̀là ì bá ṣe ṣe é!"

Ó dúró. Ó gbọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, epo tuntun, ẹ̀gúsí tuntun, ẹja tuntun.

"Ẹnu dùn ún ròfọ́, ẹ̀yin ọkọ mi," ni ó wí. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀ láàrin wọn, èédú dì mọ́ ìdí rẹ̀ nínú, ó nípọn tó àtàǹpàkò. "Ìkòkò rẹ̀ rèé. Ta ni yóò bá mi ha á?"

Ọ̀kan rántí ewúrẹ́ rẹ̀ tí kò tíì so. Ìyàwó ẹlòmíràn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ. Láwóyin ní ẹ̀yìn ń dun òun láti ọ̀sán. Kí Ẹfúntọ́lá tó na ẹ̀yìn tán, ó ku alágbẹ̀dẹ arúgbó nìkan lábẹ́ igi, òun náà sì ti sùn lọ.

Bí òwe náà ṣe délé ayé nìyẹn, tó sì fi jẹ́ ti ẹ̀fọ́. Èyí tí wọ́n fi ẹnu rò kì í korò, kì í jóná, kò sì ní èédú tí ẹnikẹ́ni ń ha nídìí ìkòkò. Nítorí náà, bí ìjà bá tán, tí awòran bá dìde tó ní "ká ní èmi ni", ẹ má bá a jiyàn. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kí ẹ wá rọra sọ fún un pé: ẹnu dùn ún ròfọ́.